Ìgò Tí Kò Ní Orúkọ Kànga

Zulfah kì í béèrè nọ́ńbà ilé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí aláìsàn kan bá ti Ajégúnlẹ̀ wá sí ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Àpápá, ohun tó máa ń bi í ni pé, "Kànga ta ni ẹ ti ń pọnmi?" Àwọn nọ́ọ̀sì tí kì í ṣe ará Ajégúnlẹ̀ máa ń fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ń béèrè bí ẹni tó fẹ́ lọ bá wọn pọnmi nílé. Àmọ́ ẹni tó bá mọ Ajégúnlẹ̀ láyé ìgbà náà mọ̀ pé obìnrin yìí kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Òpópónà kan lè ní orúkọ méjì, ilé mẹ́ta lè máa jẹ́ nọ́ńbà méje, kí onílé kan sì tún dìde lọ́jọ́ kan kó fi ọ̀dà kọ èyí tó wù ú sára ògiri. Ṣùgbọ́n kànga kì í ṣini lọ́nà. Kànga Alùfáà wà, Kànga Ìyá Onome wà, Kànga Ẹlẹ́ja wà, ọmọ ọdún mẹ́rin pàápàá sì mọ èyí tí ìyá rẹ̀ ń lọ.

Ọdún 1956 ni wọ́n bí i, nínú yàrá kan ṣoṣo lẹ́yìn ọjà Bọ́ńdárì. Ìsẹ́yìn ni bàbá rẹ̀ ti wá. Ó kọ àbàjà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì ń ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù Àpápá títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Ọmọ méjì péré ló yè fún un, Zulfah àti Yasir, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Bàbá yìí kò kọ ilà fún èyíkéyìí nínú wọn. Ó ní ta ló ń bi ẹnikẹ́ni ní Èkó pé ìlú wo ló ti wá, ṣebí oúnjẹ ni gbogbo wọn ń wá. Zulfah kàwé díẹ̀ lẹ́yìn ìwé mẹ́fà, ìyá wọn kú, ilé ìwé sì parí síbẹ̀.

Ní ọdún 1979 ló ríṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn náà, kó máa fọ ìgò. Ọ̀gá Dickson ni olórí ibẹ̀, ọmọ Warri kan tó ga bí òpó iná, tí ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ohùn ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Kí ọdún méjì tó pé, ìgò nìkan kọ́ ni Zulfah ń fọ̀ mọ́. Òun ló ń se oúnjẹ tí wọ́n fi ń bọ́ kòkòrò àrùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kòkòrò ń jẹun, ó sì máa ń ṣa oúnjẹ jẹ. Ìyẹ̀fun kan wà tí wọ́n máa ń pò, tí wọ́n á sè bí ẹni ń se ẹ̀kọ, tí wọ́n á dà sínú abọ́ pẹlẹbẹ kó lè dì. Èyí tí wọ́n ń lò fún kọ́lẹ́rà máa ń ní àwọ̀ ewé. Wọ́n á fi ìgbẹ́ aláìsàn díẹ̀ pa á lójú, wọ́n á gbé e pamọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ẹ rí àmì róbótó wẹ́wẹ́ tó pọ́n bí ìyeyè lórí rẹ̀, ẹ ti ń súnmọ́ ọn nìyẹn. Àmọ́ gbogbo ohun tó pọ́n bí ìyeyè kọ́ ni kọ́lẹ́rà. Oògùn kan wà tí Ọ̀gá Dickson nìkan máa ń kán sí i kó tó lè lanu sọ ọ́ pé òun ni.

Èyí tó bá sì jẹ́ kọ́lẹ́rà lóòótọ́, wọn kì í dà á nù. Wọ́n á gún un sínú ìgò kékeré kan tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, tí oúnjẹ wà nínú rẹ̀, wọ́n á dé e pinpin, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn. Ibẹ̀ ni yóò máa sùn, ó sì lè sun ọ̀pọ̀ ọdún kó má kùú.

"No throw am," ni Ọ̀gá Dickson máa ń wí. "One day, person go come find am."

Lára ìgò kọ̀ọ̀kan, Zulfah máa ń lẹ pọlásítà funfun, á fi bírò kọ déètì sí i, á kọ orúkọ kànga. Ọ̀gá Dickson kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá, ó sọ ọ́ di òfin: ìgò tí kò bá ní kànga, kò gbọdọ̀ wọ kọ́bọ́ọ̀dù.

Nínú gbogbo kànga àdúgbò Zulfah, ti Ebiere ni omi rẹ̀ mọ́ jù. Ọmọ Ìjàw ni Ebiere, opó ni. Ìyá Tamuno ni wọ́n ń pè é lójú, Ìyá Sójà lẹ́yìn. Ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ kékeré tó máa ń fa ọkọ̀ òkun ńlá wọ wọ́ọ̀fù, òun ló sì gbẹ́ kànga náà kó tó kú, tó fi kọnkéré mọ ọ́n yíká dé ìsàlẹ̀. Omi títà yìí ni Ebiere fi ń jẹun, òun ló fi tọ́ Tamuno ọmọ rẹ̀ dàgbà. Láti àárọ̀ ló ti máa ń jókòó sórí àpótí lẹ́nu kànga, òfin rẹ̀ sì le ju ti bárékè lọ. O kò gbọdọ̀ ju garawa tìrẹ sínú kànga. Rọ́bà ìfami tirẹ̀ nìkan ló ń wọ ibẹ̀. O kò gbọdọ̀ fọ aṣọ, o kò gbọdọ̀ ṣan ẹsẹ̀, o kò gbọdọ̀ tutọ́ láàárín ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí i. Àwọn kan ní ìgbéraga ni. Èmi gbà pé ọgbọ́n ni, àmọ́ ọgbọ́n kì í ní ọ̀rẹ́ púpọ̀ níbi tí aṣọ ìdọ̀tí bá ti pọ̀.

Ní oṣù Keje ọdún 1991, ẹ̀gbọ́n Ebiere kú ní ìlú wọn, ó sì lọ sìnkú ní àwọn abúlé ojú omi. Ọjọ́ mẹ́wàá ló lò. Tamuno ń lọ síbi iṣẹ́ ní tirẹ̀, kò sí ẹni tó jókòó sórí àpótí. Bí ológìnní bá sì jáde, ilé di ilé èkúté.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó bọ́ sáàárín ọjọ́ mẹ́wàá yẹn ni Yasir ti òkè Ọya dé. Awakọ̀ tírélà ni, ènìyàn jẹ́jẹ́ tí gbogbo ọmọdé àdúgbò mọ dídún hóònù rẹ̀, yàrá rẹ̀ sì dojú kọ ti Zulfah nínú ilé kan náà. Ó kó ẹ̀wà bọ̀ láti Kano, ó sì kó ìgbẹ́ gbuuru mọ́ ọn. Ó ní oúnjẹ tí òun jẹ lójú ọ̀nà ni. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ó di ṣòkòtò àti aṣọ ìbora tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́, ó lọ sẹ́nu kànga Ebiere, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ wọ́n. Garawa tirẹ̀ ló ń jù sínú kànga. Omi aṣọ náà sì ń ṣàn padà lọ sẹ́nu kànga.

"Yasir, ìyá yìí ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ o," ni Zulfah wí láti ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá ò sí nílé."

Zulfah rẹ́rìn-ín, ó wọlé lọ. Òótọ́ kúkú ni, ìyá ò sí nílé.

Torí pé iṣẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lára, ó gba díẹ̀ nínú ìgbẹ́ àbúrò rẹ̀ dání lọ sí Àpápá lọ́jọ́ kejì, ó fi pa abọ́ aláwọ̀ ewé. Nígbà tó wò ó lọ́jọ́ Ajé, àmì tó pọ́n bí ìyeyè ti kún ojú rẹ̀. Ọ̀gá Dickson ti gba ìsinmi lọ sí Warri. Ó yẹ kí Zulfah gbé abọ́ náà lọ fún dókítà. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà, Yasir ti ń jẹ ẹ̀bà nígbà tó fi máa jáde nílé, ó ti ń kọrin, ó ti ń múra àtilọ gbé ẹrù mìíràn. Zulfah sọ fún ara rẹ̀ pé gbogbo ohun tó pọ́n kọ́ ni kọ́lẹ́rà. Ó gún un sínú ìgò kékeré kan, kí ọ̀gá rẹ̀ lè yẹ̀ ẹ́ wò bó bá dé. Ó kọ déètì sára pọlásítà, ó kọ Y. Kò kọ kànga. Ta ni í béèrè ọ̀nà ilé baba rẹ̀? Ó tì í sẹ́yìn pátápátá nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ebiere dé lọ́jọ́ Rú. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n gbé aláìsàn àkọ́kọ́ wá sílé ìwòsàn.

Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, ìgò ti di mọ́kànlá, Ọ̀gá Dickson sì ti gé ìsinmi rẹ̀ kúrú, àmọ́ Zulfah kò fi ìgò Y hàn án. Ọmọ méjì kú. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ Regina, aránṣọ tí ilé rẹ̀ kọjú sí kànga náà, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan tó máa ń bá Zulfah gbé ẹrù rẹ̀ bó bá ti ọjà dé. Zulfah sunkún ọmọ yìí bí ẹni sunkún tirẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹwàá, wolé-wolé kan wá sí yàrá àyẹ̀wò pẹ̀lú ìwé ńlá. Ó fẹ́ mọ ibi tí àìsàn náà ti ń wá. Ọ̀gá Dickson fi ọwọ́ júwe kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní kí Zulfah ka ohun tó wà lára ìgò fún un. Inú Zulfah dùn díẹ̀, kí n má parọ́. Ọdún méjìlá ni wọ́n ti ń fi ìbéèrè rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, òní ló wá wúlò.

"Kànga Ebiere," ló kà. "Kànga Ebiere. Kànga Ebiere." Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló pè é, ọkùnrin náà sì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá.

"Ṣé ó tán?"

Ojú Zulfah lọ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ó rí i. Kò sí ẹni tó lè sọ pé kò rántí.

"Ó tán, sà."

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n da kọnkéré bo kànga náà, wọ́n fi ọ̀dà pupa fa ìlà gbọ̀ọ̀rọ̀ lé e. Àwọn ará àdúgbò fi tiwọn kún un. Ṣebí ọjọ́ Rú ló ti ojú omi dé? Ṣebí Àbámẹ́ta ni àìsàn bẹ̀rẹ̀? Wọ́n ní òun ló gbé e bọ̀ láti ibi òkú, wolé-wolé náà gbọ́, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Àwọn tó ti ń mu omi obìnrin yìí láti ọdún mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá kí wọ́n má baà kí i. Regina wá dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò bú u, kò lù ú, ó kàn ń sunkún títí wọ́n fi wá fà á lọ.

Kí oṣù náà tó parí, Ebiere ti di ẹrù rẹ̀. Ó ń lọ bá àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Snake Island, níbi tí ìyẹn ti ń yan ẹja. Ó gba iwájú ilé Zulfah kọjá, ó sì dúró.

"Zulfah, wọ́n ní ìwọ lo ka ìwé yẹn fún government. Na so e dey for there?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Bó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn."

"Okay," ni Ebiere wí. "Ìwé ò kí ń parọ́." Ó gbé ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Ọdún márùn-ún kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀gá Dickson fẹ̀yìn tì, ó padà sí Warri, kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù sì di ti Zulfah. Tinú ọmọ rẹ̀ wọ ilé ìwé girama. Yasir ra tírélà tirẹ̀, wọ́n fi í sínú ìgbìmọ̀ mọ́sálásí. Kò sí ẹni tó tún dárúkọ Ebiere, àfi bí omi bá wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ẹnì kan á wo kọnkéré yẹn, tí á mí kanlẹ̀. Zulfah kì í wò ó. Ó ti kọ́ láti máa gba ibẹ̀ kọjá bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú báàgì rẹ̀. Àwọn kan ní ẹ̀rí ọkàn kì í dá ènìyàn lóró bó bá pẹ́. Wọ́n ò bi Zulfah.

Ní ọdún 1996 ni Dókítà Uzoamaka dé, ọmọbìnrin tó ṣì kéré, Àpápá ni wọ́n ti bí i, Yorùbá sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Iṣẹ́ ìwádìí ló ń ṣe. Nígbà tó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà tó rí ìgò pẹ̀lú orúkọ kànga, ńṣe ló jókòó.

"Màmá Tinú, ta ló kọ́ yín ní èyí?"

"Kò sí ẹni tó kọ́ mi, Dókítà. Bí a ṣe ń mọ ilé ara wa nìyẹn."

Dókítà ní wúrà ni. Ó kó ìgò ọdún 1991 lọ, méjèèjìlá, ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò ńlá kan lókè òkun. Zulfah rí i bó ṣe na ọwọ́ mú èyí tó wà lẹ́yìn. Ó lè sọ pé, "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, ó ti bàjẹ́." Dípò bẹ́ẹ̀, ó bá a wá páálí tó máa kó wọn sí.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, àwọn ìgò náà padà dé, àwòrán sì bá wọn wá. Dókítà tẹ́ àwòrán náà sórí tábìlì, ó pe Zulfah kó wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ ló kún inú rẹ̀, ìlà lórí ìlà.

"Nínú kòkòrò kọ̀ọ̀kan, Màmá, nǹkan kan wà bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó jogún lọ́wọ́ èyí tó bí i. Wọ́n á fà á yọ, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á tò ó sínú nǹkan kan tó dì bí ẹ̀kọ, wọ́n á wá jẹ́ kí iná mànàmáná máa fà á lọ. Èyí tó kéré á sáré, èyí tó tóbi á lọ́ra. Ibi tí kálukú bá dúró sí ló di ìlà yìí."

Zulfah tẹjú mọ́ ọn. Ó rántí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀.

"Bí ilà ojú," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Àwọn tó bá ti ìdílé kan náà wá, ilà kan náà ni wọ́n ń kọ. Ẹ wò ó, ìgò yín méjèèjìlá ló jọra." Ó fa àwòrán mìíràn jáde. "Ẹlẹgbẹ́ mi kan ló kó èyí jọ ní Kano lọ́dún kan náà. Ilà kan náà. Èyí sì ni ti àwọn abúlé ojú omi, lọ́dún yẹn kan náà. Ẹ wò ó, kò jọ ọ́ rárá. Ìwé wolé-wolé tí mo kà sọ pé obìnrin kan ló gbé e ti ibẹ̀ wá. Bí mo ṣe rí i yìí, kò jọ bẹ́ẹ̀."

Zulfah fa àwòrán ti Kano súnmọ́ ara rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n nǹkan kan ló kù," ni Dókítà wí. "Ìgò kejìlá yìí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi ṣáájú àwọn yòókù, òun nìkan ni kò sì ní kànga. Òun ló lè sọ bó ṣe wọ àdúgbò yín. Bí n kò bá mọ ibi tó ti wá, kò wúlò, mo máa yọ ọ́ kúrò. Màmá Tinú, ta ni Y?"

"Ẹ jẹ́ kí n rántí, Dókítà."

Kò sí ohun tó fẹ́ rántí. Ohun tó fẹ́ ni àyè láti yan ọ̀kan nínú méjì. Bó bá dákẹ́, wọ́n á yọ ìgò náà, Yasir á wà níbi tó wà, iṣẹ́ òun náà á wà, Ebiere á sì kú sí Snake Island pẹ̀lú orúkọ ẹni tó gbé ikú wọ̀lú. Bó bá sọ̀rọ̀, orúkọ Ebiere á mọ́, ọmọ ìyá òun á wá di ẹni tí wọ́n ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá lára rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi jẹun dáadáa. Ní ọjọ́ kẹrin, ó kan ilẹ̀kùn yàrá tó dojú kọ tirẹ̀.

Yasir gbọ́ ọ dé òpin, tẹ̀sùbáà rẹ̀ wà lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé èmi ni mo pa ọmọ Regina?"

"Ẹnì kan ló gbé e fún ọ lójú ọ̀nà láì mọ̀. Ẹni yẹn náà rí i gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ilà ojú ń sọ ìlú tí ènìyàn ti wá ni, kò sọ pé ó jẹ̀bi." Zulfah mí. "Èmi ni mo mọ̀. Wọ́n bi mí pé ṣé ó tán, mo ní ó tán."

"Kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ sọ ọ́."

Yasir ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ díẹ̀ sí i. "Ẹ sọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n mi. Èmi náà á wà níbẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Zulfah jókòó níwájú Dókítà Uzoamaka. Ó mú bírò, ó lẹ pọlásítà tuntun mọ́ ìgò kejìlá, ó sì kọ ohun tí kò kọ lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn: Yasir, awakọ̀, láti Kano. Kànga Ebiere. Ó wá fi kún un pé: Ebiere kò sí nílé. Dókítà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò bá a wí. Ó ní òun máa bá ọ̀gá ilé ìwòsàn sọ ọ́, òun sì máa bẹ̀ ẹ́ fún un. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Zulfah fún oṣù mẹ́ta nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì ráhùn.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ló wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Snake Island. Ó bá Ebiere nídìí ẹja yíyan, ojú rẹ̀ pọ́n fún èéfín, irun rẹ̀ ti funfun. Zulfah kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, ó sọ gbogbo rẹ̀: aṣọ tí Yasir fọ̀, ẹ̀rín tí òun rín, ìgò, wolé-wolé, ó tán sà. Ebiere ń yí ẹja padà, kò wo ojú rẹ̀.

"So no be say I bring am come," ló wí.

"Rárá o, mà. Kì í ṣe pé ẹ dé ló fà á. Pé ẹ ò sí nílé ni."

Ọwọ́ Ebiere dúró lórí ẹja. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú, ó sì tún nù ún. Ó sọ pé, "Five years, Zulfah. Every night I dey ask God say which hand I take carry am. Mo wẹ ọwọ́, mo wẹ ẹsẹ̀, mo fọ gbogbo aṣọ òkú kí n tó wọ ọkọ̀." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, Zulfah náà ń sunkún, ẹja sì jóná lórí ààrò.

Nígbà tí ẹkún tán, ó ní, "Èmi nìkan lo sọ fún. Na for road dem spoil my name. For road you go talk am."

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ìparí oṣù ni wọ́n mú, ọjọ́ gbálẹ̀-gbálẹ̀, tí kò sí ẹni tó gbọdọ̀ lọ síbìkan kan títí aago mẹ́wàá fi lù, tí gbogbo àdúgbò máa ń wà níta pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti ṣọ́bìrì. Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni Ebiere ti dé, orí bẹ́ẹ̀dì Zulfah ló sùn, Zulfah sùn sórí ẹní. Nígbà tó di aago mẹ́jọ àárọ̀, Zulfah lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọnkéré tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí, ó pè wọ́n. Kò pariwo. Ó sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ ní Snake Island, kò yọ nǹkan kan, kò fi ẹ̀bẹ̀ bò ó. Nígbà tó dé orí ìgò kejìlá, Yasir bọ́ síwájú.

"Èmi ni," ló wí. "Aṣọ mi ni. Ẹ dákun, ẹ forí jì mí."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé bí òtítọ́ bá dé tán, kì í mọ ibi tó máa jókòó sí. Alàgbà kan ṣí fìlà rẹ̀, ó tún dé e. Regina ju ìgbálẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó rìn lọ bá Ebiere, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Ó wá yíjú sí Zulfah, ó wò ó pẹ́, ó wọlé lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Títí dòní, bí Zulfah bá kí i, ó ń dáhùn, ṣùgbọ́n kì í béèrè àlàáfíà ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Zulfah ní ó tọ́ sí òun.

Tamuno àti Yasir ni wọ́n fi òòlù ńlá fọ́ kọnkéré náà. Wọ́n gbọ́n omi inú kànga gbẹ, wọ́n da kẹ́míkà sí i, wọ́n tún gbọ́n ọn, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí omi tuntun sun, tó mọ́ gaara, àwọn obìnrin ti tò sílẹ̀ pẹ̀lú garawa. Alàgbà tó ṣí fìlà lọ́jọ́sí ní òun ni òun máa kọ́kọ́ mu, kí gbogbo ayé lè rí i pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ebiere gba ife lọ́wọ́ rẹ̀.

"No, Baba. Ẹ má tíì mu ún." Ó pọn omi náà sínú ìgò, ó nà án sí Zulfah. "Gbé e lọ síbi iṣẹ́ rẹ. Write my name put. Bó o ṣe kọ ọ́ nígbà yẹn, kọ ọ́ báyìí."

Zulfah kọ ọ́ síbẹ̀ níṣojú wọn: Kànga Ebiere. Lọ́jọ́ Ajé, ó gbé e lọ sí Àpápá, ó se oúnjẹ kòkòrò, ó fi omi náà pa abọ́ lójú. Lọ́jọ́ kejì, Ebiere wọ aṣọ tó dára, ó wá jókòó ní yàrá àyẹ̀wò bí ẹni tó wá gbọ́ ẹjọ́. Dókítà Uzoamaka gbé abọ́ náà sí ojú fèrèsé, wọ́n wò ó tinú-tẹ̀yìn, wọ́n yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Àwọ̀ ewé ló wà láti etí kan dé èkejì.

"Kí ló wà nínú ẹ̀?" ni Ebiere bi Zulfah.

"Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, mà."

"You sure? Ṣé ó tán?"

Zulfah gbé abọ́ náà súnmọ́ ojú, ó tún wò ó wò ó, ó wò ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ó tán, mà."

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ni Ebiere wí, Zulfah sì fa ìwé ńlá yàrá àyẹ̀wò mọ́ra, ó kọ ọ́.